Àwòṣe àti Ẹ̀rí: Ìtàn Ìṣirò Ìforígbárí Hádírọ́ọ̀nù láti Ọdún 1950

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọpinpin ìtàn àwọn àwòṣe tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń lò láti ṣírò ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí hádírọ́ọ̀nù méjì bá forí gbárí pẹ̀lú agbára ńlá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ Enrico Fermi ní 1950, ó sì dé orí àbájáde ẹ̀rọ LHC ní 2017. Kókó tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àwọn ibi tí àwòṣe ti kùnà ni ìmọ̀ yìí ti rí ìlọsíwájú tí ó pọ̀ jù, àti pé irú ìkùnà tí ó ṣẹlẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí ìkùnà náà ti tóbi tó. Ní ìparí, ó sọ ohun tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè rí mú lò nínú ìtàn náà.

1.0 Ìfáàrà

Hádírọ́ọ̀nù ni orúkọ àpapọ̀ fún àwọn èérún tí a fi kúákì kọ́, tí ipá líle inú átọ́ọ̀mù sì ń so pọ̀. Pírótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù ni a mọ̀ jù nínú wọn. Pírótọ́ọ̀nù kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé tírílíọ̀nù kan rẹ̀ tí a bá tò tẹ̀ léra wọn kò ní gùn tó mìlímítà 2. Kò sí awò tí ó lè mú ojú ènìyàn rí inú rẹ̀. Ọ̀nà tí ó ṣẹ́ kù ni kí a mú un sáré títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yára tó ìmọ́lẹ̀, kí a jẹ́ kí ó kọ lu òmíràn, kí a sì máa wo ohun tí yóò fò jáde.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó fò jáde kọ́ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìforígbárí náà ti parí kí èérún kankan tó dé ara ẹ̀rọ atọpasẹ̀ tí wọ́n fi yí ibẹ̀ ká. Onímọ̀ físíìsì dà bí ẹni tí ó dé ibi ìnáwó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí ó wá ń wo ewé, egungun àti ìgò tí ó wà nílẹ̀ láti mọ ohun tí wọ́n jẹ àti iye ènìyàn tí ó wá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe é láìní èrò kan lọ́kàn nípa bí ìnáwó ṣe máa ń rí. Èrò bẹ́ẹ̀, bí a bá fi ìṣirò gbé e kalẹ̀, ni iṣẹ́ yìí pè ní àwòṣe: àkójọ òfin tí ó sọ ohun tí ó yẹ kí a rí bí òfin náà bá jẹ́ òótọ́.

Ibí yìí gan-an ni ìṣòro wà. Bí ó bá jẹ́ pé àwòṣe ni onímọ̀ fi ń ka ẹ̀rí, báwo ni ẹ̀rí ṣe lè bá àwòṣe wí? Ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí fi ìtàn dáhùn.

2.0 Ìkòkò Fermi

Kí àwọn ẹ̀rọ ńlá tó dé, ìtànṣán láti ojú òfuurufú ni àwọn onímọ̀ gbójú lé. Àwọn èérún alágbára ń wọlé láti ojú òfuurufú, wọ́n ń kọ lu afẹ́fẹ́ ayé, ọ̀pọ̀ èérún tuntun a sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1950, Enrico Fermi, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago nígbà náà, gbé àwòṣe kan jáde láti ṣàlàyé bí èyí ṣe ń rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a gbà pé gbogbo agbára ìforígbárí náà kó jọ sí ojú kan tí ó kéré gan-an, ó dà rú pọ̀ bí omi tí ń hó nínú ìkòkò, lẹ́yìn náà ni ó wá pín ara rẹ̀ fún àwọn èérún tuntun gẹ́gẹ́ bí òfin ìṣeéṣe ṣe pín in.

Ẹwà àwòṣe yìí ni pé kò nílò kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tí ó wà nínú pírótọ́ọ̀nù. Àléébù rẹ̀ náà nìyẹn. Bí ìkòkò bá ń gbóná sí i bí agbára ṣe ń pọ̀ sí i, ó yẹ kí àwọn èérún máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ipá tí ó ń pọ̀ sí i. Àwọn àyẹ̀wò tí ó tẹ̀ lé e kò fi èyí hàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ èérún tí ó jáde ń bá ọ̀nà tí àwọn méjì àkọ́kọ́ ń gbà lọ, díẹ̀ ni wọ́n ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyà-sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i nígbà tí agbára pọ̀ sí i. Ó hàn gbangba pé pírótọ́ọ̀nù méjì máa ń gba inú ara wọn kọjá, wọn kì í yọ́ pọ̀ di ohun kan ṣoṣo. Ìkòkò náà kò tó.

3.0 Láti orí Kúákì dé orí QCD

Ní 1964, Murray Gell-Mann àti George Zweig, láìfi ti ara wọn ṣe, dábàá pé àwọn èérún kéékèèké tí Gell-Mann pè ní kúákì ni wọ́n fi kọ́ hádírọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọgbọ́n ìṣirò lásán ni. Ṣùgbọ́n láti 1967, ní ilé-iṣẹ́ SLAC ní California, Jerome Friedman, Henry Kendall àti Richard Taylor pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yin ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lu pírótọ́ọ̀nù, wọ́n sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn ta padà bí ẹni pé ohun líle kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel 1990 ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ náà.

Richard Feynman ló sọ èyí di àwòṣe fún ìforígbárí hádírọ́ọ̀nù. Nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1969, ó pe àwọn ohun inú pírótọ́ọ̀nù ní pátọ́ọ̀nù. Ó ní pírótọ́ọ̀nù tí ń sáré dà bí àgbájọ pátọ́ọ̀nù tí olúkúlùkù gbé ìdá kan nínú ẹrù rẹ̀. Bí méjì bá pàdé, pátọ́ọ̀nù kan láti ìhín lè kọ lu ọ̀kan láti ọ̀hún, nígbà tí àwọn yòókù ń bá tiwọn lọ.

Ẹ̀rọ tí yóò dán èyí wò ti ń bọ̀. Ní 1971, CERN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ Yúróòpù tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ Geneva, ṣí ISR, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí pírótọ́ọ̀nù láti ọ̀nà méjì ti pàdé ara wọn. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn èérún tí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ipá ńlá pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni retí lọ. Bí pírótọ́ọ̀nù bá jẹ́ ohun rírọ̀ látòkè délẹ̀, kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní kókó líle nínú, kò yani lẹ́nu.

Ní 1973, David Gross, Frank Wilczek àti David Politzer ṣàwárí ohun tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú QCD, tíọ́rì tí ó ṣàlàyé ipá tí ó so kúákì pọ̀ nípasẹ̀ èérún tí a ń pè ní gúlúọ́nù, ipá náà ń rọ bí kúákì bá súnmọ́ ara wọn, ó sì ń le bí wọ́n bá jìnnà síra. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Ìtumọ̀ èyí fún ìṣirò ni pé iṣẹ́ náà pín sí méjì. Ibi tí ìkọlù ti le, tí kúákì ti súnmọ́ ara wọn, ni a lè fi gègé àti ìwé ṣírò láti inú òfin gan-an. Ibi tí kúákì ti ń jìnnà síra, tí wọ́n ń di hádírọ́ọ̀nù, ni irú ìṣirò yẹn kò ti ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ atọpasẹ̀ kò sì lè rí kúákì rárá, hádírọ́ọ̀nù nìkan ni ó ń rí. Láàárín ohun tí a lè ṣírò àti ohun tí a lè rí, odò kan wà tí kò ní afárá.

4.0 Tẹ́tẹ́ inú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀nà tí wọ́n gbà la odò náà kọjá wá láti ibòmíràn. Ní 1946, Stanislaw Ulam, onímọ̀ ìṣirò ọmọ bíbí Poland, ń gbádùn ara lẹ́yìn àìsàn, ó sì ń fi káàdì ṣeré. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ìṣeéṣe pé eré náà yóò já sí rere. Ìṣirò rẹ̀ nira. Ó wá rí i pé ó rọrùn jù kí a ta káàdì náà nígbà ọgọ́rùn-ún, kí a ka iye ìgbà tí ó já sí rere. Òun àti John von Neumann fi ọgbọ́n yìí sí iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí Ulam àti Nicholas Metropolis tẹ̀ jáde ní 1949 ni ó sọ ọ́ di mímọ̀ lábẹ́ orúkọ Monte Carlo, ìlú tí àwọn ilé tẹ́tẹ́ rẹ̀ lókìkí.

Bí ọgbọ́n yìí ṣe bá ìforígbárí hádírọ́ọ̀nù mu kò ṣòro láti rí. Òfin físíìsì kì í sọ ohun tí ìforígbárí kan pàtó yóò bí, ìṣeéṣe nìkan ni ó ń sọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń ta lúdò ṣe mọ̀ pé ẹẹ́fà lè jáde láìmọ ìgbà tí yóò jáde. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà yóò fa nọ́ńbà tí kò tẹ̀ lé ètò, yóò fi yan pátọ́ọ̀nù méjì tí yóò kọ lu ara wọn gẹ́gẹ́ bí ìpín wọn nínú pírótọ́ọ̀nù. Yóò fa òmíràn láti mọ ọ̀nà tí wọ́n yóò ta sí. Yóò jẹ́ kí àwọn kúákì tí ó jáde máa tu gúlúọ́nù sílẹ̀, kí gúlúọ́nù náà sì máa pẹ̀ka bí igi. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ gbogbo wọn di hádírọ́ọ̀nù, yóò sì jẹ́ kí àwọn tí kì í pẹ́ láyé túká. Ohun tí ó jáde ni àkọsílẹ̀ ìforígbárí kan tí kò ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n tí ó lè ṣẹlẹ̀. Bí a bá ṣe é ní ìgbà mílíọ̀nù kan, a lè fi àpapọ̀ rẹ̀ wé ohun tí ẹ̀rọ rí.

5.0 Okùn Lund

Apá tí ó ṣòro jù ni bí kúákì ṣe ń di hádírọ́ọ̀nù. Ní 1978, Richard Field àti Feynman tẹ ètò kan jáde nínú èyí tí kúákì kọ̀ọ̀kan ń dá tirẹ̀ ṣe: ó ń lọ, ó ń bí hádírọ́ọ̀nù kan tẹ̀ lé òmíràn títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ètò náà rọrùn, ó sì bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rí mu.

Ní Yunifásítì Lund ní Sweden, Bo Andersson, Gösta Gustafson àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn, lára wọn Torbjörn Sjöstrand, ní èrò mìíràn. Wọ́n ní okùn kan ni ó so kúákì tí ń sá lọ mọ́ èkejì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà síra ni okùn náà ń fà, tí agbára sì ń kó sínú rẹ̀, nǹkan bí GeV 1 fún ìwọ̀n gígùn tí ó ju ìdajì ìbú pírótọ́ọ̀nù kan lọ díẹ̀. GeV 1 yìí ju agbára tí ó wà nínú ìwọ̀n pírótọ́ọ̀nù tí ó dúró sójú kan lọ díẹ̀. Bí okùn bá fà dé ibì kan, yóò já, kúákì tuntun yóò sì so mọ́ ojú méjèèjì tí ó já. Ègé okùn kọ̀ọ̀kan tí ó ṣẹ́ kù ni hádírọ́ọ̀nù. Nínú èrò yìí, gúlúọ́nù jẹ́ kókó kan lórí okùn náà, tí ó ń fà á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ èyí tí ó tọ̀nà? Ẹ̀rí wá láti inú ìforígbárí tí ó mọ́ ju ti hádírọ́ọ̀nù lọ, ìyẹn ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti òdìkejì rẹ̀, ní ẹ̀rọ PETRA ní Hamburg, Jámánì. Ní 1979, wọ́n rí ọ̀wọ́ èérún mẹ́ta tí ó jáde lẹ́ẹ̀kan, méjì láti ara kúákì, ẹ̀kẹta láti ara gúlúọ́nù. Bí ètò Field àti Feynman bá tọ̀nà, kò yẹ kí àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀wọ́ kúákì méjèèjì yàtọ̀ sí àwọn àlàfo yòókù. Bí ti Lund bá tọ̀nà, okùn kò gba àárín kúákì méjèèjì kọjá, ọ̀dọ̀ gúlúọ́nù ni ó gbà lọ, nítorí náà èérún yóò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ JADE kà wọ́n. Èérún ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ohun kan yẹ ní fífi ọkàn sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwòṣe Lund sọ tirẹ̀ kí wọ́n tó kà á. Èyí ni ó fún un ní iyì ju pé ó bá ẹ̀rí àtijọ́ mu. Láti inú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní JETSET ni wọ́n ti kọ́ PYTHIA fún ìforígbárí hádírọ́ọ̀nù, wọ́n sì fi orúkọ abọrẹ̀ obìnrin tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ máa ń lọ bi léèrè ọ̀rọ̀ ní Delphi sọ ọ́. Ní 1984, Giuseppe Marchesini àti Bryan Webber gbé iṣẹ́ tí HERWIG ti jáde kalẹ̀. HERWIG kò lo okùn, ó ń kó kúákì jọ ní ìdìpọ̀ kéékèèké tí ń túká. Pé àwọn méjèèjì wà jẹ́ àǹfààní ńlá, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Níbi tí wọ́n bá ti fohùn ṣọ̀kan, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Níbi tí ohùn wọn bá ti yàtọ̀, a mọ̀ pé ìmọ̀ kò tíì dé ibẹ̀.

6.0 Ìkùnà Mẹ́ta

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ìtàn àwọn àwòṣe wọ̀nyí kún fún ìkùnà, ṣùgbọ́n ìkùnà kan kì í ṣe ẹgbẹ́ òmíràn. Mẹ́ta nínú wọn tó láti fi ìyàtọ̀ hàn.

6.1 Nígbà tí èrò kò pé

Láti 1981, CERN bẹ̀rẹ̀ sí mú pírótọ́ọ̀nù àti òdìkejì rẹ̀ forí gbárí ní agbára GeV 540. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ UA1 àti UA2 ti rí èérún W àti Z ní 1983. Ẹgbẹ́ mìíràn, UA5, ka iye èérún tí ìforígbárí kọ̀ọ̀kan ń bí. Iye náà ń yàtọ̀ gidigidi: òmíràn bí díẹ̀, òmíràn bí ọ̀pọ̀ yanturu. Bí ó bá jẹ́ pé pátọ́ọ̀nù méjì péré ni ń kọ lu ara wọn, ìyàtọ̀ náà kò yẹ kí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1987, Sjöstrand àti Maria van Zijl dáhùn pé bí èrò ọjà láti ìhà méjì bá pàdé lójú ọ̀nà tóóró, kì í ṣe ènìyàn méjì péré ni yóò fara kan ara wọn. Ọ̀pọ̀ pátọ́ọ̀nù lè kọ lu ara wọn nínú ìpàdé pírótọ́ọ̀nù méjì kan ṣoṣo. Èrò yìí ti di ọ̀kan lára òpó àwọn ètò wọ̀nyí. Ẹ̀rí bá àwòṣe wí, àwòṣe sì gbọ́.

6.2 Nígbà tí ohun kékeré pọ̀

Ní 1984, UA1 kéde pé àwọn rí ìforígbárí díẹ̀ tí ọ̀wọ́ èérún kan ṣoṣo jáde lápá kan, tí ohunkóhun kò sì hàn lápá kejì láti mú un dọ́gba. Ìròyìn náà mì ìgboro. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé nípa irú èérún tuntun tí ó lè ti sá lọ láìhàn. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún méjì, àwọn mìíràn fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣírò gbogbo ohun àtijọ́ tí ó lè bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀: Z tí ó túká sí niutírínò tí ẹ̀rọ kò lè rí, W tí ó gba ọ̀nà mìíràn túká, àti ọ̀wọ́ tí ẹ̀rọ wọn agbára rẹ̀ ṣì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tó nǹkan ní òun nìkan. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà: nígbà tí wọ́n pa wọ́n pọ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí a rí. Nínú ọ̀ràn yìí, òfin físíìsì kò kùnà. Àwọn tí ó ń lò ó ni kò tíì fara balẹ̀ ka gbogbo ohun tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

6.3 Nígbà tí ohun tí a fi ṣe ìṣirò kò dájú

Ní 1996, ẹgbẹ́ CDF ní ẹ̀rọ Tevatron, ní Fermilab nítòsí Chicago, ròyìn pé ọ̀wọ́ èérún tí agbára ìyà-sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kọjá GeV 200 pọ̀ ju ohun tí ìṣirò QCD sọ lọ. Ìbéèrè ńlá dìde: ṣé kúákì náà ní ohun tí ó kéré jù ú lọ nínú ni? Àwọn onímọ̀ tún padà lọ wo ìpín gúlúọ́nù nínú pírótọ́ọ̀nù, èyí tí kì í ṣe òfin ni ó sọ ọ́ bí kò ṣe pé wọ́n fà á yọ láti inú àwọn àyẹ̀wò àtijọ́. Wọ́n rí i pé ìpín àwọn gúlúọ́nù tí ó gbé ẹrù púpọ̀ kò dájú tó bí wọ́n ti rò. A lè fi kún un láìtako ẹ̀rí yòókù, kí àlékún náà sì rí àlàyé. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ni pé láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ṣe àkójọ ìpín pátọ́ọ̀nù ti túbọ̀ tẹra mọ́ kíkọ ìwọ̀n àìdájú rẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ńbà tí kò sọ bí òun ti dájú tó kì í ṣe ẹ̀rí tí ó pé.

7.0 LHC: Àṣeyọrí àti Ìyàlẹ́nu

LHC, ẹ̀rọ tí yíyípo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27, bẹ̀rẹ̀ ìforígbárí ní ìparí 2009. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2012, ẹgbẹ́ ATLAS àti CMS kéde èérún tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí GeV 125, èyí tí wọ́n gbà pé òun ni èérún Higgs. Ẹ̀kọ́ inú ìkùnà àtẹ̀yìnwá hàn nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Níbi tí Higgs ti túká sí ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ méjì, wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé àwòṣe láti sọ iye ìforígbárí lásán tí ó fara jọ ọ́. Wọ́n wọ̀n ọ́n láti inú ẹ̀rí fúnra rẹ̀, ní apá ọ̀tún àti apá òsì ibi tí òkìtì náà ti yọ. Wọ́n fi àwòṣe sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe: láti sọ bí Higgs yóò ṣe rí bí ó bá wà, àti ìdá mélòó nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò rí mú.

Ṣùgbọ́n ìyàlẹ́nu kò tán. Ní 2010, CMS rí i pé nínú ìforígbárí pírótọ́ọ̀nù tí ó bí èérún púpọ̀, àwọn èérún tí ó jìnnà síra gan-an ní ìhà iwájú àti ẹ̀yìn tún ń kọjú sí apá kan náà, bí ẹni pé wọ́n ti jọ ní àdéhùn. Kò sí èyí nínú àwọn ètò tí wọ́n ń lò nígbà náà. Ní 2017, ẹgbẹ́ ALICE tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí èérún tí ìforígbárí bí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìpín àwọn tí ó ní kúákì àjèjì nínú ń ga sí i. Àwòṣe okùn kò retí èyí, nítorí ó gbà pé okùn kọ̀ọ̀kan ń dá já ni, yálà okùn díẹ̀ ni ó wà tàbí púpọ̀. Àwọn kan ní Lund dáhùn pé bí okùn bá pọ̀ lójú kan, wọ́n lè lọ́ pọ̀ di ìjàrá, ìjàrá a sì máa já pẹ̀lú agbára ju okùn kan lọ. Àwọn mìíràn ní ohun gbígbóná tí ń ṣàn bí omi ni ó ń wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, èyí tí ó mú ni rántí ìkòkò Fermi. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí lójú òfuurufú tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ilé ìwòye Pierre Auger ní Argentina fi hàn pé èérún múọ́ọ̀nù tí ń dé ilẹ̀ láti ara ìtànṣán alágbára jù lọ pọ̀ ju ohun tí àwọn àwòṣe sọ lọ.

8.0 Ohun tí Olùkọ́ lè Rí Mú

Ewu ńlá kan wà nínú àwọn ètò wọ̀nyí tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tí òfin kò sọ iye rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń tún tò títí yóò fi bá ẹ̀rí mu. Àwòṣe tí a lè tò láti bá gbogbo nǹkan mu kò ṣàlàyé ohunkóhun. Ohun tí ó dáàbò bo ìmọ̀ náà ni pé wọ́n máa ń fi ẹ̀rí kan to nọ́ńbà, wọ́n sì máa ń fi ẹ̀rí mìíràn dán an wò.

Èyí ṣeé kọ́ nínú kíláàsì láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá. Kí olùkọ́ fi nǹkan díẹ̀ sínú agolo, kí ó dì í, kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mì í, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rò pé ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó tó fún wọn ní mágínẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n retí sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìrètí rẹ̀ kò ṣẹ ni kí olùkọ́ bi léèrè jù: ṣé èrò rẹ̀ ni kò pé, ṣé ohun kan wà tí kò kà, àbí ohun tí ó gbà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò dájú? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni UA5, UA1 àti CDF dojú kọ.

9.0 Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé láti 1950 ni àwòṣe ìforígbárí hádírọ́ọ̀nù ti ń yí padà, láti orí ìkòkò dé orí pátọ́ọ̀nù, láti orí pátọ́ọ̀nù dé orí okùn. Ẹ̀rí lè bá àwòṣe wí bí a bá ti jẹ́ kí àwòṣe kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀, bí a bá ní ju àwòṣe kan lọ, tí a sì kọ ìwọ̀n àìdájú mọ́ gbogbo nọ́ńbà. Níbi tí a kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí a fẹ́ rí ni a ó máa rí. Olùkọ́ tí ó bá fi èyí yé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ohun tí ó ju físíìsì lọ.